Skánà Yín Ò Bàjẹ́: Ìdáhùn sí Ohun tí Ẹ Máa ń Bi Mí

Rédíò ni mò ń tún ṣe ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Látìgbà tí àwọn ọmọ tó wà lókè òkun ti ń fi skánà ránṣẹ́ sí bàbá wọn nílé, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n ń gbé wá bá mi. Ẹni tí kò bá mọ skánà: rédíò tó ń sáré wo ìkànnì kan tẹ̀lé òmíràn ni, èyí tó bá ti gbọ́ ohùn lórí rẹ̀, á dúró síbẹ̀. Ó ti sú mi láti máa fẹnu sọ ọ́. Ẹ gbà á ní kíkọ.

Kò tàn rárá.

Bátìrì. Ẹ wò ó bóyá ẹ kọ ojú rẹ̀ síbi tó yẹ.

Ó tàn, àmọ́ kò sọ̀rọ̀.

Ẹ yí squelch, ìyẹn bọ́tìnì tó ń pa ariwo lẹ́nu mọ́ nígbà tí kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀, sẹ́yìn títí ẹ ó fi gbọ́ “ṣàà”. Ẹ wá máa yí i síwájú díẹ̀díẹ̀, ibi tí “ṣàà” náà bá ti gé ni kí ẹ fi í sí. Ẹni tó bá yí i dé òpin, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ di skánà lẹ́nu, tó wá gbé e wá pé kí n wò ó.

Mo so ó mọ́ iná, ó rú èéfín.

Mo mọ̀. Adáptọ̀ Amẹ́ríkà ni ẹ fi so ó. 120 fóòtì ni iná tiwọn, tiwa jẹ́ bíi 230 sí 240. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára adáptọ̀ kí ẹ tó so ó mọ́ ohunkóhun. Bó bá jẹ́ 100–240V ni wọ́n kọ, kò séwu. Bó bá jẹ́ 120V nìkan, ẹ fún àwọn ọmọdé fi ṣeré. Tí ẹ bá ń ra òmíràn, ẹ má wo fóòtì nìkan, ẹ wò ó bóyá + ló wà láàárín ẹnu rẹ̀ tàbí −, torí ẹnu méjì lè bára mu kí iná inú wọn má bára mu. Èyí tó bá ti rú èéfín, ẹ má ṣí i nílé. Ẹ gbé e wá.

Ọmọ mi ní màá gbọ́ ìròyìn ojú ọjọ́ lórí rẹ̀, n ò gbọ́ nǹkan kan.

Ìkànnì Amẹ́ríkà ló tẹ̀ sínú rẹ̀. Láàárín 162.400 sí 162.550 MHz ni wọ́n ti ń sọ tojú ọjọ́ lọ́hùn-ún. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ níbẹ̀ fún wa. Ẹ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Bí tiyín bá ń gba FM, ẹ tẹ 101.1 ti Parrot àti 92.1 ti Ajílété sínú rẹ̀, ìyẹn ni ẹ ó fi mọ̀ pé etí rẹ̀ ṣì là. Èyí tó dùn jù ni tọkọ̀ òfurufú, láti 118 sí 137 MHz. AM ni kí ẹ fi í sí, kì í ṣe FM. Ẹ ó gbọ́ awakọ̀ òfurufú tó ń sọ̀rọ̀ lókè, àmọ́ ẹ lè má gbọ́ ẹni tó ń dá a lóhùn ní pápákọ̀ Ìlọrin. Ẹni tó wà lókè ń wo éríà yín (ọ̀pá tó ń gba ohùn) láti òkè, ilẹ̀ ló dí ti Ìlọrin mọ́ yín lójú. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ tọlọ́pàá, kó má bi mí.

Nínú yàrá kò gbọ́, níta ó ń gbọ́.

Páànù ló bò ó. Ẹ gbé e sójú fèrèsé. Fún tọkọ̀ òfurufú, éríà tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 60, tó dúró ṣánṣán, ti tó.

Ó ń dúró lórí ìkànnì tí kò sẹ́nì kankan, ó kàn ń ké.

Èyí gan-an ló sún mi kọ̀wé. Skánà tèmi fúnra mi nílé ló bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Tó bá ti ń lọ bíi 120 MHz, á dúró, á máa ké “gììì” bí ẹ̀rọ ata tí ata ti tán nínú rẹ̀. Mo gbé squelch sókè, ariwo dákẹ́, ọkọ̀ òfurufú náà bá a dákẹ́. Mo pààrọ̀ bátìrì. Mo pààrọ̀ éríà. Mo tú u palẹ̀ lórí tábìlì, mo fi òjé tuntun jó gbogbo ibi tí mo fura sí. Gììì.

Ìgbà yẹn ni mo tó ṣe ohun tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ ṣe: mo fi bátìrì lò ó, mo pa mééìnì súìṣì ilé. Ariwo ò lọ. Mo ní ó tán, láti ìta ni. Ta ló wà níta? Wẹ́dà tó ń fi iná jó irin lójúlé kejì. Mo lọ bá a, ohun tí mo sọ níbẹ̀ kò ṣeé kọ tán. Ọmọkùnrin náà kàn ń wò mí, ó ní, “Bàbá, ẹ kọ́kọ́ mumi ná.” Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó lọ ṣe ìkómọ ní Ìkòyí-Ilé, ó ti ṣọ́ọ̀bù fọ́jọ́ mẹ́ta. Gììì.

Mo wá mú rédíò kékeré, mo fi í sórí AM níbi tí kò sí ibùdó kankan, mo ń gbé e yí ilé ká bí ajá ọdẹ. Ibi kan lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti ń ké jù. Wáyà wo ló gbabẹ̀? Wáyà sólà tí mo fọwọ́ ara mi fà. Mééìnì tí mo pa kò kan sólà. Bí òòrùn bá ti ràn, kọntírólà, ẹ̀rọ tó ń darí iná sólà sínú bátìrì, á máa tanná, á máa paná ní àìmọye ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, wáyà gígùn tó ti orí páànù bọ̀ á sì di éríà tó ń fọ́n ariwo náà káàkiri. Lọ́jọ́ yẹn gan-an òjò ṣú, ariwo rẹlẹ̀. Ilẹ̀ ṣú, ó dákẹ́ pátápátá. Oṣù mẹ́rin ni mo fi gbọ́ ọ, n kò sì ṣàkíyèsí pé kì í ké lóru.

Mo ra búrẹ́dì àti ẹlẹ́rìndòdò, mo lọ bẹ wẹ́dà.

Ohun tí mo ṣe sí i: mo lọ́ wáyà + àti − mọ́ra wọn bí okùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo yí àwọn méjèèjì gba inú òrùka ferrite (òrùka tó ń dín ariwo inú wáyà kù) lẹ́ẹ̀mẹta nítòsí kọntírólà, mo sì gbé éríà lọ sí òdìkejì ilé. Òru ni mo ṣe é, torí wáyà páńẹ́ẹ̀lì kì í kú lójú òòrùn, iná rẹ̀ sì ń jóni. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ pe ẹni tó fi sólà fún yín. Ariwo náà kò tán pátápátá, àmọ́ skánà kì í dúró tì í mọ́. Ní tiyín, ó lè jẹ́ ṣájà fóònù tàbí gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú. Ẹ máa yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa tẹ́tí.

Ṣé kí n gbé éríà sórí òrùlé?

Bí wáyà iná bá gba ìtòsí ibẹ̀ kọjá, rárá. Bí kò bá gbabẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ iná rì wáyà rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ààrá, kí ẹ sì máa yọ ọ́ lára skánà kí òjò tó ṣú. Ẹ má wulẹ̀ pè mí fún gígùn. Orúnkún mi ò gbé àkàbà mọ́, mo ní ọmọṣẹ́ tó ń gùn ún.