Sípíkà Jàpáànù àtijọ́: orúkọ iwájú máa ń tàn wá

Mo ra sípíkà tòkunbọ̀ méjì nígbà kan. Orúkọ iléeṣẹ́ Jàpáànù ńlá kan ń dán gbinrin níwájú wọn, ẹni tó tà wọ́n sì ń búra pé láti Tokyo ni kọ̀ǹténà òun ti gbéra. Mo sanwó. Ìgbà tí mo délé tí mo ṣí orúkọ náà kúrò lára igi láti nu ìdí rẹ̀, ojú gọ́ọ̀mù àtijọ́ ni mo bá níbẹ̀, ó gùn ju orúkọ náà lọ ní ìka méjì. Orúkọ mìíràn ti gbébẹ̀ rí. Mo tú síkúrù: wúfà àkọ́kọ́, ìyẹn ẹ̀rọ inú sípíkà tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde, ní nọ́ńbà tí wọ́n fi rọ́bà tẹ̀ sẹ́yìn òòfà rẹ̀, èkejì kò ní nǹkan kan àfi fóòmù tuntun àti gọ́ọ̀mù tó ṣàn sétí. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá.

Kò sí ohun tó rọrùn láti pààrọ̀ lára sípíkà tó orúkọ iwájú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ má fi ṣe ẹ̀rí.

Àṣìṣe kejì ni kéèyàn máa pe gbogbo orúkọ tí kò mọ̀ ní ayédèrú. Mo ti rí ẹni tó ju Lo-D sílẹ̀ torí pé kò gbọ́ ọ rí. Hitachi ló ni Lo-D. Toshiba ló ni Aurex, Sharp ló ni Optonica, Sanyo ló ni Otto. Mitsubishi Electric ló ni Diatone, tí iléeṣẹ́ rédíò aráàlú wọn, NHK, lò láti fi gbọ́ ohùn ní sítúdíò. Technics sì jẹ́ ti Matsushita, àwọn kan náà tó ṣe rédíò National tí àwọn bàbá wa fi ń gbọ́ ìròyìn.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni Victor. Àwọn àgbà tó gbọ́ gírámafóònù mọ ajá tó jókòó tó ń tẹ́tí sí ohùn ọ̀gá rẹ̀. Bí a bá rí ajá yẹn lára sípíkà, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lẹ́nu ni pé ti Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Amẹ́ríkà ni. Ní Jàpáànù, iléeṣẹ́ tí àwa mọ̀ sí JVC ló ni ajá náà, Victor ni wọ́n sì ń jẹ́ nílé. Bí ọjà bá ń lọ sókè òkun, wọ́n á kọ JVC sí i, ajá á jókòó sílé.

Ti Trio tún díjú díẹ̀. Òun ni Kenwood ń jẹ́ nílé títí wọ́n fi yí orúkọ iléeṣẹ́ padà lọ́dún 1986. Ẹ má tìtorí ìyẹn sọ pé ọjà abẹ́lé Jàpáànù ni gbogbo Trio o. Ní Ìlú Ọba náà, Trio ni wọ́n fi ń tà á, torí iléeṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe ẹ̀rọ ilé ìdáná ti ń jẹ́ Kenwood níbẹ̀. Èyí tí ẹ̀gbọ́n yín gbé bọ̀ láti London lè má dé ọjà Tokyo rí.

Ẹ yí àpótí padà kẹ́ ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí “Made in Japan”, kò túmọ̀ sí pé kì í ṣe ti ibẹ̀. Ọjà tí wọ́n fẹ́ kó jáde ni wọ́n sábà máa ń kọ ìyẹn sí. Ti abẹ́lé lè jẹ́ kìkì lẹ́tà tiwọn, ibẹ̀ la sì ti máa ń pariwo pé “Ṣáínà ni!” Ẹ wá スピーカー. “Sípíkà” náà nìyẹn, àwọn náà yá a lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì bíi tiwa. Ẹ wo ìlà gbọọrọ méjì tó dùbúlẹ̀ bí ìgbálẹ̀ yẹn. Àwọn ará Ṣáínà kì í fi irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kọ èdè wọn.

Nọ́ńbà ọjọ́ ló wá ń da nǹkan rú jù. 53.8.21 ni wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn wúfà mi àkọ́kọ́ yẹn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ọdún 1953 ni, ó sì ti ń bá mi ṣírò iye tí màá tà á. Rárá o, ọdún ọba ni. Ọdún tí ọba wọn ti lò lórí ìtẹ́ ni wọ́n ń kà: 1926 ni ọdún kìíní Showa, orúkọ tí wọ́n fún ìgbà ìjọba ọba náà. Ẹ fi 1925 kún un, 53 á di 1978, oṣù kẹjọ, ọjọ́ kọkànlélógún. Showa parí ní ọdún 64, nígbà tí ọba wàjà ní oṣù kìíní 1989. Tí ẹ bá rí 78 níbẹ̀, a jẹ́ pé ọdún tí gbogbo ayé ń kà ni wọ́n kọ. Ẹ má sì lọ gbé kóòdù Amẹ́ríkà, nọ́ńbà tó ń sọ iléeṣẹ́ tó ṣe wúfà àti ìgbà tí wọ́n ṣe é, lé e lórí. 220 fún Jensen, 137 fún CTS, 67 fún Eminence, ọjà Amẹ́ríkà nìyẹn wà fún. Ẹ fi ka wúfà Jàpáànù, ẹ óò rí ìdáhùn, irọ́ ni yóò sì jẹ́.

Orúkọ Foster nínú àpótí tó ń jẹ́ nǹkan mìíràn kò sọ ọ́ di ayédèrú. Foster Electric ń ṣe wúfà fún àwọn ẹlòmíràn. Òòfà tó yàtọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rí. Kóbáàtì, irin tó wà nínú òòfà alnico, wọ́n gógó lẹ́yìn ìjà Shaba ní Zaire (Congo òde òní) lọ́dún 1978, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ sì fi alnico sílẹ̀ lọ gba òòfà ferrite, tí kò nílò kóbáàtì.

Ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn àti inú kẹ́ ẹ tó fọ ohunkóhun, torí pẹtiróòlù àti sípírítì máa ń pa yíǹkì rẹ́. Bó bá wá jẹ́ Yamaha NS-1000M, tó jáde lọ́dún 1974, ẹ má fọwọ́ kan dóòmù, ojú rubutu tó ń gbé ohùn jáde, ti ohùn àárín àti ti ohùn òkè. Irin kan tó ń jẹ́ beryllium ni wọ́n fi ṣe wọ́n, eruku rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Wúfà 53.8.21 ṣì wà ní pálọ̀ mi. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni mò ń wá.