Ẹ Ka Iṣẹ́ Ṣọ́ọ̀bù Yín Kí Ẹ Tó Sanwó Áàpù

Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági Tuntun, lọ́nà Ifẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ra áàpù tó ń bá èèyàn ṣe iṣẹ́ àṣetúnṣe. Owó àkọ́kọ́ jóná. Ọ̀nà tí mo gbà yan èkejì nìyí.

Ẹ má tíì wo iye tí wọ́n ń tà á. Ẹ mú bírò, kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan ka iṣẹ́ yín. Lọ́dọ̀ tèmi, bí oníbàárà bá ti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, ohun mẹ́rin ló ń tẹ̀lé e: a óò kọ ọ́ sínú Google Sheets, a óò yọ ọ́ kúrò nínú iye aṣọ tó wà nílẹ̀, rìsíìtì á lọ bá oníbàárà, ọlọ́kadà tó ń bá wa gbé ẹrù á sì gbọ́. Oníbàárà bí 25 là ń rí lóòjọ́. 25 lọ́nà mẹ́rin, 100 nìyẹn. Ọjọ́ 26 là ń ṣí ṣọ́ọ̀bù lóṣù, ó di 2,600.

Ibẹ̀ gan-an lowó ń gbà jáde. Zapier, ọ̀kan nínú irú áàpù bẹ́ẹ̀, máa ń ka ohun kọ̀ọ̀kan tó bá ṣe lọ́tọ̀, ọ̀fẹ́ rẹ̀ kò sì ju 100 lọ lóṣù: iṣẹ́ ọjọ́ kan péré ni fún mi. Tí ẹ bá ń lo n8n, áàpù mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, lórí ẹ̀rọ àwọn tó ni ín, láti fọ́ọ̀mù títí dé ọ̀dọ̀ ọlọ́kadà, ọ̀kan ni wọ́n kà á sí. 2,600 mi di 650. Ẹ lè gbé n8n sórí kọ̀ǹpútà ara yín láìsan kọ́bọ̀ fún wọn, àmọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe á gbowó, kọ̀ǹpútà náà kò sì gbọdọ̀ kú. Ní Ìbàdàn wa níbí, ẹ ṣírò epo jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọn.

Wọ́n á ní kí ẹ san ti ọdún kan kí owó lè dín. Mo mọ̀ pé dọ́là ń já wa láyà; láti ìgbà tí CBN ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023, owó tí mò ń san gbéra láìjẹ́ pé wọ́n fi sẹ́ǹtì kan kún un. Síbẹ̀, ẹ san ti oṣù kan ná. Ti ọdún kan ni mo san fún àkọ́kọ́ yẹn. Èmi mọ̀ ọ́n lò dáadáa lálẹ́ nínú ilé. Lọ́jọ́ tí mo lọ síbi òkú ní Ìsẹ́yìn, rìsíìtì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá ẹni tí kò rajà, ọmọ ṣọ́ọ̀bù mi àgbà kò sì rí ibi tí yóò ti dá a dúró. Ó pa gbogbo rẹ̀, ó padà sídìí ìwé ńlá wa. A kò ṣí áàpù yẹn mọ́.

Nítorí náà, ẹni tí yóò máa lò ó ni kí ẹ gbé e fún, lórí fóònù tirẹ̀, kí ẹ̀yin jókòó síta. Kó yí iye aṣọ kan padà. Kó dá iṣẹ́ kan dúró lójijì. Kí ẹ wá pa dátà nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, kó wá èyí tí kò débi tó ń lọ. Tó bá pè yín ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, ẹ wá òmíràn. Kí ẹ sì bi í léèrè ibi tí yóò ti rí i tí nǹkan bá bàjẹ́: ìmeèlì ni ti àkọ́kọ́ ń lọ, ọmọ mi kì í sì í ṣí ìmeèlì.