Bí Ẹ Ṣe Lè Máa Tẹ̀ Lé Òṣèlú Amẹ́ríkà Tí Ọkàn Yín Ò Fi Ní Yigbì

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ọmọ àbúrò mi ọkùnrin jókòó sí ilé ìdáná mi ní Germantown, ní ìpínlẹ̀ Maryland. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni nígbà náà. Mo bi í léèrè ọjọ́ tó máa lọ dìbò. Ó ní, "Mọ́mì, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ kí n sinmi jàre."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju bí ó ṣe rò lọ. Ọdún 2009 ni mo búra di ọmọ ilẹ̀ yìí. Láti 2014 ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìdìbò: máa jí ní aago mẹ́rin ìdájí, máa to tábìlì, máa wo orúkọ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń wọlé. Mo mọ iye ọmọ bíi tiẹ̀ tí kì í wá. Àwọn tó ń fi òṣèlú ta ayò mọ̀ wọ́n pẹ̀lú, nítorí pé bí ọ̀rọ̀ bá ti sú èèyàn, kò ní wo ọwọ́ wọn mọ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń rí àyè ṣe ohun tó wù wọ́n.

Mi ò bá a jiyàn. Mo mú ìwé kékeré mi wá, mo ṣí i fún un. Ohun tó wà nínú ìwé yẹn, àti bí mo ṣe ń kọ ọ́, ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ búra, àti ẹ̀yin tí ó ti sú.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo

Ẹ má gbìyànjú láti tẹ̀ lé gbogbo ohun tó ń lọ ní Washington. Kò ní pẹ́ tó fi máa rẹ̀ yín, inú á sì máa bí yín láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ mú àbá òfin kan tó kan ilé yín tàbí ẹni tí ẹ mọ̀, kí ẹ máa kọ ọjọ́ àti iye ìbò rẹ̀ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin.

Èyí tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ lé báyìí ni PACT Act, àbá òfin lórí ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tẹ́lẹ̀ tí èéfín ojú ogun kó àìsàn bá. Iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn nínú ilé wọn ni mo ń ṣe, ọ̀kan nínú àwọn tí mo tọ́jú sì ti jagun ní Iraq. Ikọ́ kì í jẹ́ kó sùn lóru. Ní Iraq àti Afghanistan, àwọn ọmọ ogun máa ń gbẹ́ kòtò ńlá, wọ́n á da ìdọ̀tí, ike àti epo sí i, wọ́n á sì dáná sun ún. Èéfín yẹn ni wọ́n ń fà símú lójoojúmọ́. Nígbà tí wọ́n padà délé tí àìsàn dé, ìjọba á ní kí wọ́n mú ẹ̀rí wá pé èéfín ló fà á. Àbá òfin náà fẹ́ gba ẹrù ẹ̀rí yẹn kúrò lórí aláìsàn.

Ohun tí mo kọ nìyí. Ní 16 oṣù kẹfà 2022, Ilé Aṣòfin Àgbà dìbò fún un, 84 sí 14. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé gbólóhùn kan nínú rẹ̀ jẹ mọ́ owó-orí, ìwé òfin Amẹ́ríkà sì sọ pé Ilé Aṣojú-ṣòfin ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n yọ ọ́. Àwọn aṣojú-ṣòfin dìbò ní 13 oṣù keje, 342 sí 88. Ó wá ku kí ilé àgbà tún fọwọ́ sí ohun tí wọ́n ti fọwọ́ sí tẹ́lẹ̀. Ní 27 oṣù keje, wọ́n nílò ìbò 60 kí wọ́n tó lè tẹ̀ síwájú. 55 ni wọ́n rí. Àwọn Sẹ́nétọ̀ Republican 25 tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni ní oṣù kẹfà ló sọ pé rárá ní oṣù keje.

Lọ́jọ́ kan náà yẹn, Sẹ́nétọ̀ Schumer àti Manchin kéde àdéhùn lórí òfin ńlá mìíràn tí àwọn Republican ò fẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìbínú àdéhùn yẹn ni wọ́n gbé ka àwọn aláìsàn lórí. Sẹ́nétọ̀ Pat Toomey ti Pennsylvania ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe ìṣirò owó inú àbá náà máa jẹ́ kí wọ́n rí àyè ná 400 bílíọ̀nù dọ́là sórí nǹkan mìíràn. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà mo wá ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí lórí C-SPAN, ìkànnì tẹlifíṣọ̀n tó ń gbé ìjókòó àwọn aṣòfin sáfẹ́fẹ́, mo gbọ́ ọ tán. Mo wá wo ìwé mi: Toomey ti dìbò lòdì sí i ní oṣù kẹfà pẹ̀lú. Ẹnu rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ bára mu. Mo bọ̀wọ̀ fún ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin náà ni mo fẹ́. Àwọn 25 yẹn ni mo ní ìbéèrè fún, nítorí pé ìṣirò owó tí wọ́n ń fi ṣe àwáwí ti wà nínú àbá náà nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó kọ́ mi lọ́gbọ́n. Mo rí orúkọ Schumer, olórí àwọn Democrat, láàárín àwọn tó sọ pé rárá. Inú bí mi gidigidi. Ìgbà tí mo ka òfin ilé wọn ni mo tó mọ̀ pé ẹni tó bá wà ní apá tó borí ìdìbò nìkan ló lè ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀wò. Ó yí ìbò tirẹ̀ padà kó lè gbé àbá náà padà wá ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀dàlẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wádìí òfin tó mú un gbé ọwọ́ rẹ̀ síbẹ̀.

Àwọn ọmọ ogun tẹ́lẹ̀ àti ẹbí wọn lọ sùn sórí àtẹ̀gùn Kápítọ́ọ̀lù, ilé tí àwọn aṣòfin ti ń jókòó, nínú ooru àti òjò. Toomey gbé àtúnṣe tirẹ̀ wá, kò rí ìbò tó. Ní 2 oṣù kẹjọ, wọ́n dìbò fún àbá náà bó ṣe wà, 86 sí 11. Ọjọ́ mẹ́fà péré ló wà láàárín 55 àti 86. Ojú ìwé yẹn ni mo kọ́kọ́ fi han ọmọ náà. Mo ní kó wo àwọn 25 tó ta ayò, kó sì wo àwọn tó sùn sórí òkúta títí ìtìjú fi mú wọn padà. Tó bá sọ pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, ó ti fi àwọn tó sùn síbẹ̀ pa mọ́.

Ẹ bo orúkọ ẹgbẹ́ mọ́lẹ̀

Èyí ni iṣẹ́ tó le jù, mo sì ń ṣe é lóṣooṣù. Ẹ kọ ohun tí ẹnìkan ṣe, kí ẹ má kọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ ìdájọ́ yín sí ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ tó kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí i.

Ẹ wò ó. Adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ kan, Antonin Scalia, kú ní 13 oṣù kejì 2016. Ààrẹ yan Merrick Garland láti rọ́pò rẹ̀ ní oṣù kẹta. Mitch McConnell tó ń darí Ilé Aṣòfin Àgbà ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ará ìlú yan ààrẹ tuntun ná, wọn ò sì jẹ́ kí Garland jókòó síwájú ìgbìmọ̀ kankan títí ọdún fi parí. Adájọ́ mìíràn nílé ẹjọ́ yẹn, Ruth Bader Ginsburg, kú ní 18 oṣù kẹsàn-án 2020, ọjọ́ 46 ṣáájú ìdìbò. Olórí kan náà, ilé kan náà: wọ́n fọwọ́ sí Amy Coney Barrett láti rọ́pò rẹ̀ ní 26 oṣù kẹwàá, 52 sí 48. McConnell ní ìyàtọ̀ ni pé lọ́tẹ̀ yìí, ẹgbẹ́ kan ló ni ààrẹ àti ilé àgbà. Ẹ kọ àlàyé náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tó sọ ọ́, kí ẹ wá wádìí bóyá ó tẹnu mọ́ ọn bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2016.

Ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbẹ̀. Ní oṣù kẹfà 1992, Joe Biden, tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tó ń yẹ àwọn adájọ́ wò, sọ nínú ilé pé bí àyè bá ṣí sílẹ̀ nígbà ìpolongo, ó sàn kí ààrẹ dúró di ẹ̀yìn ìdìbò. Ní 2006, Sẹ́nétọ̀ Barack Obama dìbò lòdì sí fífi kún iye gbèsè tí ìjọba lè jẹ. Ní 2011 tí òun náà ti di ààrẹ tó nílò ìbò yẹn, ó jẹ́wọ́ pé ìbò òṣèlú lásán lòun dì nígbà yẹn. Àwọn méjèèjì wà nínú ìwé mi, èmi tí mo dìbò fún àwọn méjèèjì ló sì kọ ọ́.

Ẹ fetí sí mi dáadáa níhìn-ín, nítorí pé ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Bíbo orúkọ mọ́lẹ̀ kò ní kí ẹ sọ pé gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ló wúwo bákan náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ti Biden ní 1992. Kò sí àyè tó ṣí sílẹ̀ lọ́dún yẹn, kò sẹ́ni tó pàdánù ìjókòó. Ti 2016 sọ ìjókòó kan di òfìfo fún ohun tó lé lọ́dún kan. Ẹ gbé wọn lé òṣùwọ̀n kan náà, kí ẹ sì sọ èyí tó wúwo jù.

Ẹ wo ilé tiyín náà

Ẹgbẹ́ Democrat ni mo forúkọ sílẹ̀ sí. Ní 2011, ẹgbẹ́ mi tún ààlà àwọn ẹkùn ìdìbò Maryland fà. Ẹkùn Kẹfà, tó wà lápá àwọn òkè ìwọ̀-oòrùn, ti wà lọ́wọ́ Roscoe Bartlett tó jẹ́ Republican láti 1993. Wọ́n yọ apá kan Frederick kúrò, wọ́n kó Germantown wa kún un. Ní 2012, Bartlett fìdí rẹmi. Gómìnà ìgbà náà, Martin O'Malley, sọ lábẹ́ ìbúra lẹ́yìn náà pé àwọn fẹ́ kí ẹkùn náà rọrùn fún Democrat láti wọlé. Adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kan tilẹ̀ fi Ẹkùn Kẹta wa wé ẹranko abìyẹ́ ayé àtijọ́ tí apá rẹ̀ ti kán.

Inú mi dùn lálẹ́ ọjọ́ tí a borí. Ọdún kan lẹ́yìn náà, bàbá arúgbó kan tí mo ń tọ́jú ní Frederick sọ fún mi pé wọ́n gba ìbò òun láìjí ìwé ìdìbò kankan. Mo ń dì í lọ́wọ́ mú nígbà yẹn kó lè dìde lórí àga. Mi ò rí ohun kankan sọ. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá gbọ́ pé Texas tún ààlà rẹ̀ fà ní 2025 kí Republican lè rí ìjókòó márùn-ún sí i, tí California sì fi Proposition 50, ìbò tí àwọn ará ìlú fi gbà kí wọ́n tún ààlà tiwọn fà fún Democrat, dá a lóhùn, ojú bàbá yẹn ni mo máa ń rí. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ da ẹjọ́ Maryland àti ti North Carolina pọ̀ ní 2019, wọ́n sì sọ, 5 sí 4, pé kò sí ohun tí ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ lè ṣe sí i. Àwọn ìpínlẹ̀ ló kù tó lè dá a dúró, ìyẹn ni pé àwa olùdìbò ni.

Bí ẹ ṣe máa pè wọ́n

Nọ́ńbà Kápítọ́ọ̀lù ni 202-224-3121. Ẹ sọ orúkọ Sẹ́nétọ̀ yín, wọ́n á so yín pọ̀ mọ́ ọ́fíìsì rẹ̀. Ọ̀dọ́ kan ló máa gbé e. Ẹ sọ orúkọ yín, ìlú yín àti zip code yín, nítorí pé ẹni tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ wọn ni wọ́n ń kà. Ẹ dárúkọ àbá òfin kan pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ sọ ohun kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́. Ẹ béèrè fún èsì lórí ìwé. Ìṣẹ́jú méjì ni. Ẹ má jẹ́ kí bí ohùn yín ṣe ń dún tì yín lójú. Èmi náà máa ń kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ kí n tó pè.

Ẹ má fowó ránṣẹ́ nítorí lẹ́tà orí fóònù tó ní gbogbo nǹkan máa bàjẹ́ bí ilẹ̀ bá ṣú. Ẹgbẹ́ méjèèjì ló ń kọ ọ́.

Ẹ sì máa dìbò abẹ́lé. Ní Maryland, ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ sínú ẹgbẹ́ ló lè bá ẹgbẹ́ náà yan ẹni tó máa gbé wá, níbi tí wọ́n bá sì ti fa ààlà fún ẹgbẹ́ kan, ibẹ̀ ni ìdíje gidi wà.

Ọmọ àbúrò mi ní ìbò kan kò tó nǹkan. Mo ṣí ojú ìwé tó kẹ́yìn fún un. Newport News, Virginia, kò jìnnà sí wa. Nínú ìdìbò ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní 2017, David Yancey ní 11,608, Shelly Simonds ní 11,608. Ní 4 oṣù kìíní 2018, wọ́n kó orúkọ méjèèjì sínú abọ́, wọ́n fa ọ̀kan yọ, ti Yancey ló jáde. Ẹgbẹ́ Republican fi ìjókòó yẹn di ilé náà mú, 51 sí 49.

Ó wo nọ́ńbà méjèèjì títí. Ó bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé mo ṣì lè forúkọ sílẹ̀ báyìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Maryland gbà á títí dé ọjọ́ ìdìbò gan-an, kó ṣáà mú ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ dání.