Ẹ Má Fi Àgùntàn Mẹ́rin Ra Bíríkì Kan Mọ́: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Catan

Sátidé tó kọjá, àbúrò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí Kubwa gbé páálí mẹ́ta wọlé mi, ọ̀rá ara wọn ṣì ń dán. Ó ní òun ti ra gbogbo ohun tí a nílò fún Catan, eré orí ọpọ́n tí ilẹ̀ ti ń fún èèyàn ní káàdì igi, bíríkì, àgùntàn, àlìkámà àti òkúta, téèyàn sì ń fi wọ́n la ọ̀nà, kọ́ abúlé, kó sì sọ abúlé di ìlú. Catan gan-an wà níbẹ̀, èyí tó ní ọkọ̀ ojú omi wà níbẹ̀, èyí tó ní odi ìlú àti ẹlẹ́ṣin náà wà níbẹ̀. Mo bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó ló ti ta á rí. "Ẹ̀gbọ́n, mi ò tíì ta á rí o, mo kàn wò ó lórí fóònù ni." Owó rẹ̀ ká mi lára. Mo tún rẹ́rìn-ín, torí èmi náà ti ṣe èyí tó burú ju ìyẹn lọ, ẹ ó gbọ́ ọ láìpẹ́.

Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí àwa mélòó kan ti ń jókòó ti ọpọ́n yìí nírọ̀lẹ́ Sátidé. Mi ò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń ta á níbí, ìwé òfin wà nínú páálí. Ohun tó ń bí mi nínú ni mo fẹ́ sọ, kí n lè sùn.

Àṣìṣe kìn-ín-ní: ríra ẹrù kí ẹ tó ní èèyàn

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ nípa Catan, mo bẹ mọ̀lẹ́bí kan tó ń bọ̀ láti òkè òkun pé kó bá mi ra á. Mo rí àwòrán páálí kan tí wọ́n kọ 5–6 sí lára, mo fi ránṣẹ́ sí i: "Èyí ni kó o rà, torí àwa pọ̀." Ó rà á. Ó yọ bàtà ara rẹ̀ kúrò nínú àpótí kó lè ráyè gbé e. Mo pe èèyàn márùn-ún, ìyàwó mi se jọ̀lọ́ọ̀fù, mo ṣí páálí níwájú gbogbo wọn bí ẹni tó fẹ́ ṣí ẹ̀bùn ìgbéyàwó. Ilẹ̀ 11 péré ló wà níbẹ̀. Abúlé àti ọ̀nà aláwọ̀ ewé pẹ̀lú ti aláwọ̀ búráùn wà níbẹ̀. Pupa, búlúù, funfun àti ọsàn ò sí.

Àfikún ni mo rà. Ọpọ́n gan-an ní ilẹ̀ 19, ẹni mẹ́ta sí mẹ́rin ló wà fún. Àfikún yẹn ló ń sọ 19 di 30 kí ẹni márùn-ún tàbí mẹ́fà lè rí àyè, kò sì lè dá dúró. A jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù, a wo bọ́ọ̀lù, wọ́n lọ sílé. Oṣù mẹ́sàn-án ni páálí yẹn fi wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù kí n tó rówó ra èyí tó yẹ kí n kọ́kọ́ rà. Títí dòní, bí mo bá ní mo fẹ́ ra nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyàwó mi á ní, "Ẹ wò ó dáadáa o, kó má lọ jẹ́ pé gáàsì ìdáná lẹ máa rà tí ò ní sílíńdà."

Nítorí náà, ẹyọ kan ni kí ẹ rà, èyí tí kò ní àfikún kankan. Bí èèyàn mẹ́ta kan náà bá wá sílé yín ní Sátidé mẹ́wàá, ẹ lè máa wo òmíràn. Kí ló ń lé yín?

Àṣìṣe kejì: òǹwòran ẹlẹ́nu

Ìdí ayò ọlọ́pọ́n ni wọ́n ti tọ́ ọ̀pọ̀ wa, ibẹ̀ náà la ti kọ́ ariwo. Ihò 12 ló wà nínú ọpọ́n ayò, ọmọ 48 sì wà nínú wọn níbi tí gbogbo ayé ti ń rí i. Òǹwòran lè bú ọ̀pẹ kó sì máa ki ọ̀ta, kò sí àṣírí tó fẹ́ tú. Catan ò rí bẹ́ẹ̀. Káàdì tó wà lọ́wọ́ èèyàn, ojú ẹni tó mú un lọ́wọ́ nìkan ló wà fún.

Ẹnì kan mú àlejò wá lọ́jọ́ kan. Àlejò yìí ò ta, ó kàn dúró sẹ́yìn mi, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ó yọjú wo ọwọ́ mi, ó ní, "Áà, ẹ̀gbọ́n, àlìkámà yín mà pọ̀ o!" Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ tí ẹni tó wà lápá òsì mi fi ṣí káàdì kan sílẹ̀. Nínú káàdì ìdàgbàsókè 25, ìyẹn àwọn káàdì àrà ọ̀tọ̀ téèyàn ń rà, méjì péré ló ń jẹ́ kéèyàn dárúkọ ohun kan kó sì gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Ọ̀kan nínú méjì yẹn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àlìkámà márùn-ún ló bá a lọ. Àlejò náà ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o." Mo ní kò tọ́pẹ́.

(Ọmọ Kano kan wà láàárín wa tó ń pè é ní alkama. Nínú gbogbo ohun tó wà lórí ọpọ́n yẹn, òun nìkan ni a ò nílò ògbufọ̀ fún.)

Àṣìṣe kẹta: "Àwọn ará ilé mi ló ń yí dáìsì"

Wọn ò yí i. Ilẹ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ bá balẹ̀ lórí dáìsì ló ń fún ẹni tó ní abúlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní káàdì. Dáìsì méjì lè gbà balẹ̀ lọ́nà 36. Nínú ọ̀nà yẹn, 6 ní márùn-ún, 8 ní márùn-ún, 12 ní ẹyọ kan ṣoṣo, 2 náà ní ẹyọ kan. Wọ́n tiẹ̀ ti fi àmì tóótòòtó sábẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan kéèyàn má bàa ní òun ò mọ ìṣirò: àmì márùn-ún lábẹ́ 8, ẹyọ kan lábẹ́ 12. Síbẹ̀ ẹ óò rí àgbàlagbà tó máa gbé abúlé rẹ̀ àkọ́kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ 12, torí oṣù Disẹ́ńbà ni wọ́n bí i. Lẹ́yìn wákàtí kan tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, á ní kí wọ́n pààrọ̀ dáìsì, á ní kí wọ́n pààrọ̀ àga, á ní ẹnì kan ń wo òun.

Àṣìṣe kẹrin: súyà. Ẹ jẹ ẹ́ tán, kí ẹ fọwọ́, kí ẹ tó fọwọ́ kan káàdì.

Àṣìṣe karùn-ún: ẹni tí kì í bá ẹnikẹ́ni dúnàá-dúrà

Ibí ni mo ń bọ̀ látàárọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Bàbá Ìbejì fún yín. Mo ti bá ọkùnrin yìí dé ọjà Wuse. Obìnrin tó ń ta tàtàṣé dárúkọ iye kan, Bàbá Ìbejì rẹ́rìn-ín, ó dá ìdajì iye yẹn lé e, ó yí ẹ̀yìn padà, ó rìn dé ìdí oníṣu, wọ́n pè é padà, ó gba tàtàṣé náà pẹ̀lú èènì. Ọ̀gá ni. Àmọ́ bí ọkùnrin kan náà bá jókòó sídìí Catan, á yadi.

Báyìí ló ṣe rí ní oṣù tó kọjá. Àgùntàn mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú igi kan. Ó nílò bíríkì kan kó lè la ọ̀nà. Bíríkì mẹ́ta wà lọ́wọ́ mi, àgùntàn kan péré ni mo ń wá kí abúlé mi pé. Òun ló kàn láti ta. Mo ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ fún mi ní àgùntàn kan, kí ẹ gba bíríkì kan."

Ó ní, "Rárá o. O máa fi kọ́lé."

"Ẹ̀yin náà máa fi bíríkì lanà."

"Mi ò bá ẹ ṣe."

Mo ní kí ó gba bíríkì méjì fún àgùntàn kan. Ó wò mí bí ẹni tó rí gbájúẹ̀ ní gáréèjì. Ó ka àgùntàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ fún bánǹkì, ìyẹn àwọn káàdì tó wà nílẹ̀ tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, ó sì gba bíríkì kan. Ojú rẹ̀ tún ń dán pé òun ti dá mi lọ́nà! Nígbà tó kàn mí, Ìyá Bọ̀lá fún mi ní àgùntàn, ó gba bíríkì, mo kọ́ abúlé mi, òun náà kọ́ tirẹ̀. Bàbá Ìbejì ní ọ̀nà kan tí kò tíì dé ibì kankan, ọwọ́ rẹ̀ sì gbófo. Bó bá ti bá mi ṣe ni, àgùntàn mẹ́ta ì bá ṣì kù lọ́wọ́ rẹ̀, bíríkì kan sì máa kù sílẹ̀ fún un lẹ́yìn ọ̀nà.

Ohun tí wọn kì í rò nìyí. Ẹni mẹ́rin ló jókòó. Bí ẹni méjì bá ṣe pàṣípààrọ̀ tó tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn, àwọn méjèèjì ti ṣíwájú ẹni méjì tó kù. Ẹni tó bá ń sọ pé "mi ò ní ràn án lọ́wọ́" ní gbogbo ìgbà, òun ni yóò máa wà lára àwọn tó kù ní gbogbo ìgbà. Klaus Teuber, ará Jámánì tó gbé Catan jáde lọ́dún 1995, fi bánǹkì síbẹ̀ pé mẹ́rin fún ẹyọ kan. Lójú tèmi, irú iye bẹ́ẹ̀ dà bí ìgbà tí oníṣòwò bá fẹ́ kéèyàn máa lọ. Bó bá sì jẹ́ pé bánǹkì náà lẹ fẹ́ràn, ẹ kúkú kọ́ abúlé sí èbúté, níbi tí mẹ́ta ti ń mú ẹyọ kan wá, tàbí èyí tí méjì ti ń mú ẹyọ kan wá bó bá jẹ́ ohun tí ilẹ̀ yín ń mú jáde ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Kí èèyàn má ní èbúté, kó má bá èèyàn sọ̀rọ̀, kó wá máa kó àgùntàn mẹ́rin mẹ́rin fún bánǹkì! Ẹran iléyá ni?

Ti àwọn tó ń fi ìbínú ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ṣe é tún wà. "O gbé olè sórí òkè mi lọ́jọ́sí." (Olè ni ọmọ orí ọpọ́n tó jẹ́ pé ilẹ̀ tí wọ́n bá gbé e sí ò ní mú nǹkan kan jáde, á sì tún jí káàdì kan.) Ọjọ́sí ti kọjá, a ti kó ọpọ́n nílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà yẹn. Àwọn aláwìn náà wà: "Fún mi ní òkúta, màá fún ẹ ní igi tó bá yá." Òfin ò gba ẹ̀bùn, ìlérí ọjọ́ iwájú ò sì de ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ kan gbà, ọwọ́ kejì san. Ẹni tí kò tíì kàn láti ta náà ò sì lè bá ẹlòmíràn tí kò tíì kàn ṣe pàṣípààrọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tó kàn ni ọlọ́jà.

Ṣé kéèyàn máa ṣe é ní gbogbo ìgbà náà ni? Rárá, ẹ bi mí. Àna mi ọkùnrin ní póìntì 9, 10 lèèyàn sì fi ń jáwé olúborí. Ó bẹ̀ mí, ó pè mí ní "ọmọ mi", ó ní òkúta kan péré lòun ń wá, òun á fún mi ní àgùntàn méjì. Orí mi wú. Mo fún un. Ó fi òkúta mẹ́ta àti àlìkámà méjì sílẹ̀, ó sọ abúlé kan di ìlú, póìntì rẹ̀ pé 10, ó dìde, ó ní òun fẹ́ lọ kírun. Àgùntàn méjì wà lọ́wọ́ mi, mò ń wò wọ́n. Ẹni tó bá ti lé ní póìntì 7, ẹ di etí yín sí i, ì báà jẹ́ àna.

Àṣìṣe kẹfà, tàbí keje, mi ò mọ ibi tí mo ka nọ́ńbà dé mọ́. Ẹ má ṣe kó káàdì jọ bí ẹni tó ń dá èsúsú. Bí 7 bá balẹ̀, òun ló sì ń balẹ̀ jù, ọ̀nà mẹ́fà nínú 36, ẹni tí káàdì ọwọ́ rẹ̀ bá lé ní 7 máa dá ìdajì padà. Èmi tí mò ń kọ èyí, mo ti gbé 13 dání rí, mò ń retí láti sọ abúlé méjì di ìlú lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n lè pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo dá mẹ́fà padà. Wọ́n tún gbé olè wá, ó mú ọ̀kan sí i. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Àwọn kọ́ńtírátọ̀ ńkọ́? A ní ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ pé ọ̀nà ló máa ń là ṣáá. Ọ̀nà márùn-ún tó so kọ́ra lèèyàn fi ń gba póìntì 2 ti ọ̀nà tó gùn jù, ẹni tó bá sì kọjá rẹ̀ máa gbà á lọ. Ẹ̀gbọ́n yìí la 13 nínú 15 tó ní. Abúlé mẹ́ta péré ló wà létí gbogbo ọ̀nà yẹn. A bi í pé ta ló ń gbabẹ̀. Ó ní ti ọdún tó ń bọ̀ ni, bọ́jẹ́ẹ̀tì ò tíì jáde.

Tọkọtaya: bí ẹ ò bá lè gbé olè sórí ilẹ̀ ara yín, ẹ má jókòó sórí tábìlì kan náà. Bí ẹ bá sì gbé e, ẹ yanjú rẹ̀ kí ẹ tó dé inú mọ́tò.

Ẹ yí fáànù síbòmíràn. Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ wọn. Kí ẹ sì ti tan iná bátìrì sílẹ̀ kó tó di aago mẹ́jọ, torí bí wọ́n bá múná lọ lójijì, ẹnì kan á fò sókè láti wá tọ́ọ̀ṣì, orúnkún rẹ̀ á gbá tábìlì, kò sì sẹ́ni tó máa rántí ibi tí abúlé ẹlòmíràn wà, àfi tirẹ̀, tó máa wá di ìlú nínú òkùnkùn.

Ti àbúrò onípáálí mẹ́ta yẹn, a ṣí ẹyọ kan, a ta á lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kejì, ó fi àlìkámà kan gba bíríkì kan lọ́wọ́ Bàbá Ìbejì, ohun tí èmi ò rí ṣe láti ọdún mẹ́fà. Páálí méjì yòókù wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù mi pẹ̀lú ọ̀rá wọn. Ó ní òun ń bọ̀ ní Sátidé, mo ní kó mú zobo tútù dání.