Ilé tí ẹ ó gbé kí tiyín tó parí ní Mẹ́síkò: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Ẹni tó ń kọ́lé sí Mẹ́síkò láti òkèèrè máa ń ṣírò owó símẹ́ńtì, owó irin àti owó oníṣẹ́ pé pérépéré, kó tó wá rántí pé òun náà gbọ́dọ̀ sùn síbì kan títí ilé yóò fi parí. Owó ibùsùn yìí ló ń ba ìṣirò jẹ́. Kì í ṣe pé owó ilé oṣù kan pọ̀ jù níbẹ̀. Oṣù gan-an ló ń pọ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Nínú àwọn àṣìṣe tí a fẹ́ sọ, èyí tó pọ̀ jù ló jẹ́ àìka kàlẹ́ńdà.

Ẹ má fi ọjọ́ tí maestro dá gba ilé

Tí maestro de obra, ìyẹn olórí àwọn bíríkìlà, bá ní oṣù mẹ́jọ ni òun yóò fi parí, ẹ má gba ilé oṣù mẹ́jọ. Ọkùnrin náà lè má parọ́ o. Àmọ́ ní apá tó pọ̀ jù ní Mẹ́síkò, òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹfà, ó sì ń rọ̀ wọ oṣù kẹwàá. Ìpìlẹ̀ tí wọ́n bá gbẹ́ lásìkò yẹn á kún fún omi, ọkọ̀ iyanrìn kò sì ní lè wọ àdúgbò tí kò ní ọ̀dà. Ọ̀sẹ̀ Àjíǹde á gbé ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún, tí í ṣe ọjọ́ Santa Cruz, ni ọdún àwọn bíríkìlà fúnra wọn: wọ́n á gbé àgbélébùú tí wọ́n fi òdòdó ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ sórí iṣẹ́, onílé á sì bọ́ wọn yó. (Ẹ má ṣahun lọ́jọ́ yẹn.) Èyí tó ń gbé ọjọ́ lọ jù ni láti ọjọ́ 12 oṣù kejìlá, ọjọ́ Wúńdíá Guadalupe, títí dé ọjọ́ 6 oṣù kìíní, ọjọ́ àwọn Ọba Mẹ́ta. Àwọn ará ibẹ̀ ń fi àkókò náà ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní eré ìje Guadalupe-Reyes. Oníṣẹ́ tó bá ti gba aguinaldo rẹ̀, owó ọdún tí òfin ní kí wọ́n san fún un, ìlú rẹ̀ ló gbà lọ.

Lẹ́yìn èyí ni kónkéré. Òrùlé ilé Mẹ́síkò sábà máa ń jẹ́ dẹ́kì tó tẹ́jú, kì í ṣe páànù, nítorí náà ilé alájà kan ní dẹ́kì kan, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní méjì. Ọjọ́ 28 ni wọ́n fi ń wọn agbára kónkéré. Wọ́n á máa bu omi sí i fún ọjọ́ méje ó kéré tán, àwọn igi tó gbé e dúró á sì wà lábẹ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Títí wọn yóò fi yọ igi wọ̀nyẹn, kò sí iṣẹ́ gidi kan tó lè lọ nínú yàrá tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ fi ìdajì kún iye oṣù tí maestro sọ, kí ẹ fi ìyẹn ṣírò owó ilé: mẹ́jọ di méjìlá. Ẹ gba ilé oṣù mẹ́fà ná, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ prórroga sínú ìwé àdéhùn, ìyẹn ni pé ẹ lè máa fi oṣù kọ̀ọ̀kan kún un ní iye kan náà, tí ẹ bá ti sọ fún onílé ní ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú. Tí onílé bá kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní kọ ọ́, ẹ ti mọ ohun tó ń dúró dè.

Owó àlejò àti owó ará ìlú

Ohun tó ń dúró dè ni oṣù kọkànlá. Ní Puerto Vallarta, La Paz, San Miguel de Allende àti àwọn ìlú mìíràn tí àlejò fẹ́ràn, láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹrin ni àwọn ará Kánádà àti Amẹ́ríkà ń sá fún òtútù wá. Ẹni tó bá dé ní oṣù keje á bá ilé tó ṣófo ní owó pọ́ọ́kú, á máa san oṣù kọ̀ọ̀kan láìkọ ìwé, inú rẹ̀ á sì dùn. Bí àlejò bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, onílé á fowó lé e tàbí kó ní ẹlòmíràn ti sanwó ilé náà. Ògiri yín ò tíì ju àyà lọ nígbà náà, ẹ sì ti di ẹni tó ń gbé ẹrù kiri.

Ojú-òpó tí àwọn arìnrìn-àjò ti ń gba yàrá dára fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ẹsẹ̀ rin àdúgbò, kí ẹ wo géètì tí wọ́n kọ «Se renta» sí, ẹ béèrè ní ìsọ̀ tó wà ní ìkóríta, ẹ wo ẹgbẹ́ orí Facebook tí wọ́n ti ń fi èdè Sípéènì polówó ilé, ẹ sì bi maestro fúnra rẹ̀ léèrè, torí ó mọ ilé tí òun tún ṣe tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀. Ilé tí wọ́n bá fi dọ́là pe owó rẹ̀, àlejò ni wọ́n ń retí níbẹ̀. Pésò ni kí wọ́n kọ sínú ìwé yín.

Onílé tó ń fi ilé rẹ̀ fún ará ìlú sábà máa ń béèrè fiador: onídùúró tó ní ilé tirẹ̀ ní agbègbè náà. Àlejò kì í ní irú rẹ̀. Ẹ má ṣe sanwó fún ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí pé kó dúró fún yín. Jìbìtì pọ̀ nídìí ẹ̀. Ẹ ní kí onílé gba àsansílẹ̀ ìdógò oṣù méjì dípò ọ̀kan, tàbí kí ẹ gba póliza jurídica, ìwé tí àwọn agbẹjọ́rò ń tà tí wọ́n fi ń yẹ ayálégbé wò kí ọkàn onílé lè balẹ̀. Owó rẹ̀ kì í sábà tó owó ilé oṣù kan.

Ohun tí wọn kì í wò kí wọ́n tó gba kọ́kọ́rọ́

«Sin amueblar» ni wọ́n ń kọ tí ilé kò bá ní àga àti bẹ́ẹ̀dì. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé irú ilé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà láìsí sítóòfù àti fíríìjì náà. Ẹni tó rà wọ́n tuntun fún oṣù méjìlá ti fi owó tó rò pé òun fi pamọ́ ra ẹrù. Tí ilé tó ní gbogbo rẹ̀ kò bá wọ́n jù ú lọ púpọ̀, òun ni kí ẹ gbà.

Iná: ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ìjọba, CFE, oṣù méjì-méjì ni wọ́n sábà máa ń mú ìwé owó wá. Ẹ ní kí onílé fi méjì tó gbẹ̀yìn hàn yín, kí ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Tarifa sí. Tí ẹ bá rí DAC níbẹ̀, ìyẹn ìpele àwọn tó ń lo iná púpọ̀, ẹ dúró ná. Ìjọba ń ru apá kan lára owó iná ilé, ṣùgbọ́n mítà tí ìpíndọ́gba rẹ̀ lóṣù bá kọjá ààlà láàárín oṣù méjìlá, wọ́n á yọ ìrànwọ́ yẹn kúrò. Níbi tí ojú ọjọ́ ti tutù, tí wọ́n ń lo tarifa 1, ààlà náà jẹ́ 250 kWh lóṣù. Níbi tí ooru bá ti mú gan-an, tí wọ́n ń lo 1F, ó jẹ́ 2,500. Mítà ni wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ sí lọ́rùn, wọn kì í bi í pé ta ló lo iná náà. Bí ayálégbé àná bá fi ẹ̀rọ amúlétutù sùn lọ́sàn-án lóru, ẹ̀yin lẹ ó jẹ gbèsè ìwà rẹ̀ fún oṣù mélòó kan.

Omi: ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, omi ìlú kì í wá lójoojúmọ́. Ó máa ń ṣàn sínú aljibe, kànga símẹ́ńtì abẹ́ ilẹ̀, pọ́ǹpù á wá fà á lọ sínú tinaco, tánkì orí òrùlé tó sábà máa ń gba lítà 1,100. Ẹ béèrè ọjọ́ tí omi ń wá, ẹ tan pọ́ǹpù lójú onílé, ẹ sì ṣí ṣáwà. Tí ẹ̀rọ agbómigbóná bá jẹ́ irú tó ń tanná nìkan nígbà tí omi bá ń gba inú rẹ̀ kọjá, tí tinaco sì wà nísàlẹ̀ jù, agbára omi kò ní tó láti tan án. Omi mímu ni ti garrafón, kẹ́ẹ̀gì lítà 20. Ní ìlú òkè bíi San Miguel, tó ga tó nǹkan bíi mítà 1,900, òtútù òru oṣù kìíní wọ egungun, ilé kì í sì í ní ohun tó ń mú un móoru.

Kíkó wọ ilé tí kò tíì tó gbé

Owó á bẹ̀rẹ̀ sí í tán, wọ́n á ní, «Òrùlé ti wà, ẹ jẹ́ ká kó wọlé.» Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Obra negra ni wọ́n ń pe ilé tó ṣì jẹ́ búlọ́ọ̀kù àti dẹ́kì lásán. Obra gris ni èyí tí wọ́n ti rẹ́, tí páìpù àti wáyà ti wà lára ògiri rẹ̀. Ẹ má wọ ti àkọ́kọ́. Èyí kejì náà, kò tíì yá tí kò bá ní ìlẹ̀kùn àti fèrèsé tó ń tì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan tí páìpù rẹ̀ dé sọ̀kàwéè tó ti parí, ẹ̀rọ omi kan, àti mítà CFE gidi tó ní bírékà àti irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ fún ààbò. Fífa wáyà láti òpó láìgbàṣẹ, tí wọ́n ń pè ní diablito, ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ni, ara ògiri tútù ló sì ti ń pa èèyàn.

Símẹ́ńtì tuntun ń tú omi jáde fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Aṣọ inú kọ́bọ́ọ̀dù á hu funfun. Omi tí wọ́n dá dúró sórí dẹ́kì ń bí ẹ̀fọn, ibà dengue sì wà níbẹ̀. Ní Jalisco, Nayarit, Colima, Guerrero àti Morelos, àkéekèe olóró ń gbé lábẹ́ búlọ́ọ̀kù àti pákó tí wọ́n tò jọ. Ẹ tò wọ́n jìnnà sí ibi tí ọmọdé ń sùn, ẹ dí abẹ́ ilẹ̀kùn pa, kí ẹ sì ti mọ ilé ìwòsàn tó ní oògùn tó ń pa oró rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí, iṣẹ́ á tún falẹ̀, torí lójoojúmọ́ ni oníṣẹ́ á máa gbé bẹ́ẹ̀dì yín láti yàrá kan sí èkejì kó tó bẹ̀rẹ̀.

Casita: òun ló dára jù, tí wọn kò bá ṣe é ní ìṣekúṣe

Tí iṣẹ́ bá máa kọjá ọdún kan, tí ìwé ilẹ̀ sì mọ́, kíkọ́ ilé kékeré tó tó nǹkan bíi mítà 30 sí 40 níbùú lóròó sórí ilẹ̀ náà ṣáájú ni a fara mọ́ jù. Owó tí ẹ bá ná sí i kò ní bá onílé lọ. Lọ́la, ó di ilé àlejò tàbí ibi iṣẹ́.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ níbẹ̀ ni pé wọn kì í fi sínú àwòrán tí wọ́n fi gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Ìjọba ìlú lè wá lẹ ìwé «Clausurado» (a ti tì í pa) mọ́ ọn, gbogbo iṣẹ́ á sì dúró. Èkejì, wọ́n á kọ́ ọ síwájú, níbi tí ọkọ̀ ń gbà wọlé. Ọkọ̀ tó ń po kónkéré, tó ru mítà kúbíìkì méje tàbí mẹ́jọ, ju tọ́ọ̀nù ogún lọ; á fọ́ páìpù tó bá wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé casita sí igun ẹ̀yìn, ẹ fi ọ̀nà mítà mẹ́rin sílẹ̀ fún un àti fún pipa, ọkọ̀ omi. Páìpù ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ kí ó jẹ́ ínṣì mẹ́rin, kí ó máa sọ̀ kalẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà méjì fún mítà kọ̀ọ̀kan, kí ó sì lọ tààrà sí sọ̀kàwéè tí ilé ńlá yóò lò, kí ẹ má baà gbẹ́ méjì. Ẹ gbé ìdí tinaco ga ju ẹnu ṣáwà lọ ní mítà méjì ó kéré tán.

Páànù lásán lórí pákó kò tó. Àkókò ìjì líle bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún ní etí òkun Pàsífíìkì, ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ní apá Kàríbíánì, méjèèjì sì ń parí ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá. Káńtẹ́nà irin náà, láìsí ohun tó ń dènà ooru lára rẹ̀, kò ṣeé sùn ní Mérida ní oṣù karùn-ún.

Ẹ má sì rò pé torí ilé náà kéré, ẹ lè gbójú fo IMSS, àjọ tó ń rí sí ìtọ́jú àwọn òṣìṣẹ́. Tí oníṣẹ́ bá já bọ́ tí kò sì sẹ́ni tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń já sí.

Kárávàn, àti ìwé díẹ̀

Ọkọ̀ tí èèyàn ń gbé inú rẹ̀ lè gba ìwé àṣẹ ìwọ̀lú ọdún mẹ́wàá lọ́wọ́ Banjercito, báńkì àwọn ológun Mẹ́síkò. Ọkọ̀ tó fà á wọlé kò rí bẹ́ẹ̀: iye ọjọ́ tí aṣọ́bodè fún yín ni tirẹ̀. Ní Baja California, ẹ kò nílò ìwé yìí rárá. Ẹni tó bá ti gba ìgbélùú aláìlópin kò gbọdọ̀ ní ọkọ̀ onínọ́ńbà òkèèrè mọ́, ẹ kò sì lè ta kárávàn náà fún ará ibẹ̀ tí iṣẹ́ bá parí. Ẹ fi owó dídá a padà sínú ìṣirò.

Àbẹ̀wò kì í kọjá ọjọ́ 180, aṣọ́bodè sì lè kọ iye tó kéré sí i. Àwọn tó ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà tí wọ́n ń gba Amẹ́ríkà tàbí Bírítéènì wọlé pẹ̀lú físà ibẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́, àbẹ̀wò náà nìyẹn, kì í ṣe ìgbélùú. Ẹni tó bá fẹ́ dúró ti ilé kíkọ́ ju ọjọ́ 180 lọ nílò residente temporal, ìgbélùú onígbà díẹ̀, ilé-iṣẹ́ aṣojú ìjọba Mẹ́síkò ní òkèèrè sì ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tí ẹ bá dé, ẹ lọ fi físà náà gba káàdì. Ní kìlómítà 50 sí etíkun àti 100 sí ẹnubodè, báńkì ló ń di ilẹ̀ mú fún àlejò, ní fideicomiso ọdún 50 tó ṣeé tún ṣe. Ilẹ̀ ejido, ilẹ̀ àjọni àwọn àgbẹ̀, ẹ má gbé kárávàn lásán dé orí rẹ̀ kí nọ́tárì tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́ ilé àyágbé, ẹ ya fọ́tò ògiri, tinaco àti nọ́ńbà mítà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí onílé lórí fóònù. Tí ẹ bá ń jáde, ẹ san iná àti omi títí dé ọjọ́ yẹn, ẹ mú ìwé rẹ̀ dání, ẹ má sì fi àsansílẹ̀ ìdógò rọ́pò owó oṣù tó gbẹ̀yìn, àyàfi tí ìwé àdéhùn bá gbà bẹ́ẹ̀.