Bí o bá fẹ́ tọ́ ọmọ iṣẹ́ sọ́nà, má ṣe báyìí

Níbi tí wọ́n ti ń hun òfì n'Ílọrin, ọ̀gá kan á ní, "Etí aṣọ yìí ò gún. Bí wọ́n bá rán an mọ́ èkejì, á ká. Tú u padà débí." Ọ̀gá mìíràn á wo irú aṣọ kan náà, á ní, "Ọ̀lẹ ni ẹ́." Àṣìṣe tó burú jù nìyẹn. Etí aṣọ ṣeé tú kí wọ́n tún un hun. Kí ni ọmọ fẹ́ tú lára ọ̀lẹ? Àwíjàre ni yóò máa wá.

Ní 1996, àwọn olùwádìí méjì, Avraham Kluger àti Angelo DeNisi, kó ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí jọ. Lápapọ̀, sísọ bí iṣẹ́ ṣe rí fún ẹni tó ṣe é máa ń ṣàǹfààní, àmọ́ nínú ohun tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn àbájáde tí wọ́n kó jọ, ńṣe ni iṣẹ́ tún burú sí i. Àlàyé wọn ni pé bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ń kúrò lórí iṣẹ́ bọ́ sórí èèyàn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ràn án lọ́wọ́ mọ́.

Má bá a wí níṣojú oníbàárà, pàápàá nígbà tí Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀ tí èrò kún ìsọ̀. Ẹni tójú ń tì ò ráyè gbọ́ ohun tí ò ń sọ.

"Gbogbo ìgbà lo máa ń ṣe é" náà ò dáa. Yóò rántí ọjọ́ kan péré tí kò ṣe é, ìyẹn lẹ ó sì máa jà lé.

Ká sì dín òwe kù. Àwa Yorùbá fẹ́ràn láti fi òwe buni, ká wá ní ìmọ̀ràn la gbà á. Ará ìta ló ń rẹ́rìn-ín o, ẹni tí a pa á mọ́ kì í rín.

Ní ọ́fíìsì, aláṣẹ lè kéré lọ́jọ́ orí sí ẹni tó fẹ́ tọ́ sọ́nà. Má torí ipò fi "ìwọ" bá a sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, iye tó wà níbí ò bá ti òkè mu. Báwo lẹ ṣe ṣe é?" Bí wọ́n bá ń ṣàlàyé, dákẹ́ kí o gbọ́ ọ tán. Ó lè jẹ́ ìwọ lo fún wọn ní ìwé tí kì í ṣe òun.