Ẹ̀yin Lọ́yà Tuntun, Ẹ Yé Fi Ìwé Kíkọ Ná Oníbàárà Lówó

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní kóòtù Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣàgámù, inú ń bí mi. Owó tí àwọn oníbàárà ń tún san lórí ìwé tí ẹ kọ ti pọ̀ jù.

1. Ẹ má fi orúkọ iléeṣẹ́ buwọ́ lu ìwé kóòtù. Ẹjọ́ Okafor àti Nweke ti parí ọ̀rọ̀ yẹn láti 2007: lọ́yà fúnra rẹ̀ ló ń buwọ́ lùwé.

2. Ẹ yé ṣàròyé òfin nínú afidáfíìtì, ìwé ìbúra. Ohun tójú oníbàárà rí ni kí ẹ kọ síbẹ̀. Abala 115 nínú òfin ẹ̀rí ti 2011 kò gba àríyànjiyàn níbẹ̀. Inú àdíréèsì, ìwé tí ẹ fi ń ṣàlàyé òfin fún adájọ́, ni kí ẹ ti jà.

3. Èyí tó ń dùn mí jù ni ìwé ilẹ̀ tí ẹ ń dà kọ. Ẹ ó ṣí ìwé tí ẹ fi ta ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí, ẹ ó pa orúkọ rẹ́, ẹ ó kọ tuntun, ó parí! Ìyá aláṣọ kan gbé irú rẹ̀ wá bá mi. Àgọ́-Ìwòyè ló ti ra ilẹ̀ ẹbí. Ojú ewé àkọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìwé, níbi àpèjúwe ilẹ̀, Ṣàgámù ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà òkúta sáfè, òkúta ààlà ilẹ̀, ti ẹlòmíì. Olórí ẹbí nìkan ló sì buwọ́ lù ú. Lọ́yà ọ̀hún kò béèrè àwọn àgbà ẹbí, nítorí pé ilẹ̀ inú ìwé tó dà kọ kì í ṣe ilẹ̀ ẹbí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti ìgbà ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959 la ti mọ̀ pé bí olórí ẹbí bá ta ilẹ̀ lórúkọ ẹbí láìgba ohùn àwọn àgbà ẹbí, wọ́n lè ní kí kóòtù fagi lé e. Bí àwọn àgbà bá sì tà á láìsí olórí, ọjà náà kò dúró rárá. Ìyá yìí tún san owó ìwé àtúnṣe. Ó tún ń bẹ ẹbí káàkiri, oníkálukú wọn sì ń béèrè owó kó tó mú bírò.

Kí ẹ tó tan kọ̀ǹpútà, ẹ bi oníbàárà: ta ni olórí ẹbí? Ìdílé mélòó ló pín sí? Ta ló ń ṣojú ọ̀kọ̀ọ̀kan?

Bí ẹni tó fẹ́ tẹ̀ka kò bá mọ̀wé, ẹ kà á fún un ní Ìjẹ̀bú tó gbọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ ti kà á.

Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹnì kan ka àpèjúwe ilẹ̀ sókè, kí ẹ̀yin fi ìka tọ ìwé sáfè, nọ́ńbà òkúta kan lẹ́yìn òmíràn, títí yóò fi tán.